Pínpín Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Sílébù: Àríyànjiyàn Webster àti Dilworth àti Ohun Tó Gbẹ̀yìn Rẹ̀

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ṣí atúmọ̀-èdè Merriam-Webster síbi ọ̀rọ̀ náà baker, tó túmọ̀ sí ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì, yóò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó yẹ kó mú un dúró díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ àmì róbótó kan láàárín rẹ̀, báyìí: bak·er. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi bí a ṣe ń pè é hàn, tí wọ́n sì tún un pín, ṣùgbọ́n wọn kò pín in síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pín in. Wọ́n gba k lọ́wọ́ fáwẹ́lì àkọ́kọ́, wọ́n fi fún èkejì: bā-kər. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, orí ìlà kan náà ló wà, ọ̀nà ìpín rẹ̀ sì di méjì.

Kò sí àṣìṣe atẹ̀wé níbẹ̀. Àbájáde àríyànjiyàn tó ti lé ní igba ọdún ni, èyí tí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kì í sábà jẹ́wọ́ pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ń wá. Àbá iṣẹ́ yìí ni pé pínpín ọ̀rọ̀ sí sílébù nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àpèjúwe èdè láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, irinṣẹ́ ni. Irinṣẹ́ olùkọ́ ọmọdé ni ní 1740 àti ní 1783. Nígbà tí olùkọ́ sọ ọ́ sílẹ̀, àwọn atẹ̀wé gbé e. Òǹkàwé tó bá a nínú atúmọ̀-èdè lónìí ló wá ń rò pé ẹ̀rí lórí bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ni.

Ó yẹ kí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi lè ṣàjèjì sí elédè Yorùbá hàn kedere kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Sílébù Yorùbá kò ju oríṣìí mẹ́ta lọ: fáwẹ́lì nìkan, kọ́ńsónáǹtì kan tí fáwẹ́lì tẹ̀lé, àti kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù. Kò sí èyí tí kọ́ńsónáǹtì mìíràn lè parí nínú wọn. Nítorí náà, ibi kan ṣoṣo ni a lè gé adé sí, òun ni a-dé. Òroǹbó náà kò sì lè di ohun mìíràn ju ò-ro-ǹ-bó lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì, ohùn yóò là á, nítorí pé sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì lè bẹ̀rẹ̀ sílébù níbẹ̀, ó lè parí rẹ̀, méjì tàbí mẹ́ta sì lè sù jọ síbi kan. Ọ̀rọ̀ table tí í ṣe sílébù méjì lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá yá tó fi di tá-bì-lì, mẹ́ta gbáko, kí kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan lè rí fáwẹ́lì tirẹ̀ fẹ̀yìn tì. Bí kọ́ńsónáǹtì kan bá wá wà láàárín fáwẹ́lì méjì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ta ló ni ín? Ṣé fáwẹ́lì tó ṣíwájú ni, tàbí èyí tó tẹ̀lé e? Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ìjà náà dúró lé.

Ìlànà Látìn nínú ìwé ọmọdé

Kíkọ́ ọmọ ní ìwé kíkà nípa gígé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kì í ṣe ohun tuntun nígbà tí ìjà yìí bẹ́ sílẹ̀. Ní 1596 ni Edmund Coote, olùkọ́ kan ní ìlú Bury St Edmunds, tẹ ìwé rẹ̀, The English Schoole-Maister, jáde. Ìwé náà fi sílébù ṣe àtẹ̀gùn láti orí lẹ́tà dé orí odindi ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń tún un tẹ̀ títí wọ inú ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìwé tó gba ipò lọ́wọ́ irú rẹ̀ nígbà tó yá ni A New Guide to the English Tongue tí Thomas Dilworth kọ, èyí tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1740. Ìwé Dilworth yìí rékọjá òkun, ó sì di ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó ní Amẹ́ríkà.

Ó ṣe pàtàkì láti mọ bí wọ́n ṣe ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí pé láìmọ̀ ọ́n, ìjà náà yóò dà bí ìjà àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ọmọ yóò kọ́kọ́ mọ orúkọ lẹ́tà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ́ tábìlì sílébù, ba be bi bo bu, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ tó kọ́ ABD Yorùbá náà ṣe ń fi orin kọ́ ọ. Nígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ tó ju sílébù kan lọ, kò ní wo ọ̀rọ̀ náà kó kà á. Yóò pe orúkọ lẹ́tà tó wà nínú sílébù àkọ́kọ́ níkọ̀ọ̀kan, yóò sì pe sílébù náà. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Lẹ́yìn náà ni yóò so méjèèjì pọ̀. Sípẹ́lì gan-an ni ìwé kíkà nígbà náà. Bí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ síbi tí kò tọ́, ohun tí ọmọ yóò so pọ̀ kò ní jọ ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń sọ nílé.

Dilworth kò sì fi etí gé ọ̀rọ̀. Ìlànà tí àwọn onígírámà Látìn àti Gíríìkì fi sílẹ̀ ló tẹ̀lé. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, bí kọ́ńsónáǹtì kan bá wà láàárín fáwẹ́lì méjì, ti fáwẹ́lì kejì ni. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tó lè jọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bíi st, àwọn náà yóò jọ lọ bá fáwẹ́lì kejì. Nípa bẹ́ẹ̀ ni habit, tí í ṣe ìwà tó ti mọ́ ènìyàn lára, fi di ha-bit nínú ìwé rẹ̀, tí cluster, tí í ṣe ohun tó ṣù jọ, sì di clu-ster.

Àwọn tó gba ìlànà yìí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó bá èdè Látìn mu dáadáa, nítorí pé fáwẹ́lì kúkúrú lè parí sílébù níbẹ̀ láìsí wàhálà, kódà nígbà tí agbára ìpè bá wà lórí rẹ̀: bonus, tó túmọ̀ sí “dára”, ni bo-nus. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò tilẹ̀ rí i pé ìlànà náà ìbá bá èdè tirẹ̀ mu ju bó ṣe bá Gẹ̀ẹ́sì mu lọ. Ibi tí ó ti kùnà ni pé fáwẹ́lì kúkúrú tí a fi agbára pè kì í fẹ́ parí ọ̀rọ̀ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ti kọ́ ba be bi bo bu ti mọ̀ pé bí lẹ́tà a bá parí sílébù, orúkọ rẹ̀ gan-an ni a ó fi pè é, bí ẹni ń sọ “éè”. Bó bá dé ibi ha- nínú ha-bit, ohun tí yóò pè ni hay, tí í ṣe koríko gbígbẹ ẹran. Olùkọ́ yóò wá nà án fún ohun tí ìwé olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ọ.

Webster àti ìwé ọdún 1783

Noah Webster jẹ́ ọmọ àgbẹ̀. Wọ́n bí i ní 1758 ní West Hartford, ní Connecticut, ó sì jáde ní Yale ní 1778, nígbà tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà ń jà lọ́wọ́. Ó ka ìwé òfin, ṣùgbọ́n owó kò wọlé nídìí rẹ̀, ó sì yà sídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1782, ní abúlé Goshen ní ìpínlẹ̀ New York, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tí yóò lé Dilworth kúrò lórí tábìlì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1783, oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó fòpin sí ogun, ìwé náà jáde ní Hartford. A Grammatical Institute of the English Language, Apá Kìíní, ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ gàgàrà yìí kò ti ọ̀dọ̀ Webster wá; Ezra Stiles, ọ̀gá àgbà Yale, ló dábàá rẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, Webster ju orúkọ náà nù, ìwé náà sì di The American Spelling Book.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ni Webster ti dojú ìjà kọ Dilworth, tó sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ kò díjú. Ó ní bí wọ́n ṣe gé cluster àti habit yóò mú ọmọ pe fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ní gígùn, bẹ́ẹ̀ kúkúrú sì ni. Bí wọ́n bá gé wọn sí clus-ter àti hab-it, ọmọ kò ní í lè ṣì í pè. Ẹ̀sùn kejì dá lórí ìparí ọ̀rọ̀ bíi nation àti motion. Dilworth ka -tion sí sílébù méjì, ti-on, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú Látìn jáde ni. Webster sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, sílébù kan ṣoṣo ni etí ń gbọ́, ẹyọ kan náà ló sì yẹ kí ọmọ kọ́. Ó tún yọ ọ̀pọ̀ orúkọ ìlú Ilẹ̀ Ọba tó kún inú ìwé Dilworth kúrò, ó sì fi orúkọ ìlú Amẹ́ríkà rọ́pò wọn. Kí ni ọmọ Connecticut fẹ́ fi orúkọ abúlé Gẹ̀ẹ́sì ṣe?

Ìgékù ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò ní ọba mọ́, kò ní ilé ẹjọ́ tàbí ààfin tí èdè ibẹ̀ lè jẹ́ àwòkọ́ṣe. Webster gbà pé bí gbogbo ọmọ bá gé ọ̀rọ̀ síbi kan náà, tí wọ́n sì pè é bákan náà, ẹ̀ka-èdè kò ní pín ìpínlẹ̀ sí méjì. Ìgbàgbọ́ yẹn pọ̀ ju ohun tí ìwé sípẹ́lì lè gbé lọ. Ó tún lọ bá àwọn aṣòfin láti dá ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀. Connecticut ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù kìíní 1783, ti ìjọba àpapọ̀ sì tẹ̀lé e ní 1790. Ẹni tó ń jà fún èdè àwọn mẹ̀kúnnù kò gbàgbé àpò ara rẹ̀. Owó ìwé yìí ló sì ń gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀ nígbà tó ń kọ atúmọ̀-èdè ńlá rẹ̀, tó jáde ní 1828.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a lóhùn. Láti 1784 ni ẹnì kan ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn lábẹ́ orúkọ “Òkú Dilworth”, tó ń bú Webster pé agbéraga ni àti pé ó jí ìwé elòmíràn kọ. Ẹ̀sùn ìgbéraga ṣòro láti sẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kọlu ìwé tí gbogbo ayé ń lò. Ti ìjíwèékọ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú: bí tábìlì ṣe tẹ̀lé tábìlì nínú ìwé Webster kò jìnnà sí ti Dilworth. Bákan náà, èrò tó ṣe pàtàkì jù lọ níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Robert Lowth, àlùfáà àgbà Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé gírámà kan ní 1762, ti sọ ọ́ ní ogún ọdún ṣáájú pé ibi tí ìpè tó tọ́ bá ti pín ọ̀rọ̀ ni kí a gé e sí, kí a má wo orírun rẹ̀, kí a má sì wo irú kọ́ńsónáǹtì tó lè bẹ̀rẹ̀ sílébù. Ohun tí Webster ṣe ni pé ó mú gbólóhùn onígírámà kan, ó sì sọ ọ́ di tábìlì tí ọmọ ọdún márùn-ún lè fi ìka tọ́. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Kí ni ìgékù náà ń sọ gan-an?

Ó wọ́pọ̀ kí àwọn òǹkọ̀wé sọ pé Webster fi etí rọ́pò Látìn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí gbogbo kọ́ńsónáǹtì tó wà láàárín fáwẹ́lì méjì gba ibi kan náà lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1829, èyí tí èèpo aláwọ̀ búlúù rẹ̀ sọ lórúkọ láàárín àwọn ènìyàn, baker wà lára ọ̀rọ̀ onísílébù méjì tí ọmọ kọ́kọ́ ń bá pàdé: ba-ker, sha-dy, la-dy, ti-dy. Àwọn ènìyàn tilẹ̀ sọ ọ́ di àṣà láti sọ pé ọmọ kan ti “dé ibi baker”, èyí ni pé ó ti kúrò ní ìpele ABD. Kí ló dé tí k fi lọ bá fáwẹ́lì kejì nínú ba-ker, tí b sì dúró ti fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nínú hab-it?

Ìdáhùn náà ni pé gígùn fáwẹ́lì ni Webster ń wò. Bí fáwẹ́lì bá gùn, òun ni yóò parí sílébù. Bó bá kúrú, yóò fa kọ́ńsónáǹtì kan mọ́ra. Ìgékù náà kò fi ibi tí sílébù parí sí hàn tó bó ṣe ń fi bí a ó ṣe pe lẹ́tà a hàn. Iṣẹ́ tí àmì orí fáwẹ́lì ń ṣe nínú àkọtọ́ Yorùbá ló ń ṣe. Bí òǹkàwé Yorùbá ṣe ń wo àmì orí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kó tó mọ èyí tí yóò pè, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Amẹ́ríkà ń wo àlàfo inú ọ̀rọ̀ kó tó mọ bóyá a gígùn tàbí kúkúrú ló wà níwájú rẹ̀. Àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì lórí lẹ́tà, Webster sì rí ọ̀nà láti fi àlàfo ṣe àmì. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka àlàfo náà bí ẹ̀rí lórí ètò ìró ti ṣì í kà.

Iye ènìyàn tí ọgbọ́n yìí kàn kò kéré. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀dà ìwé náà ni wọ́n tà kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Lára àwọn tó dì í mú ni àwọn tí kò sí nínú èrò Webster nígbà tó ń sọ nípa ọmọ orílẹ̀-èdè tuntun. Frederick Douglass, tó jẹ́ ẹrú ní Baltimore kó tó sá àsálà ní 1838, sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ti 1845 pé òun máa ń da lẹ́tà dídagun inú ìwé sípẹ́lì Webster kọ títí òun fi lè kọ wọ́n láìwo ìwé. Nínú èyí tó kọ ní 1855, ó sọ pé inú àpò ni ìwé náà máa ń wà, pé bí wọ́n bá rán òun níṣẹ́ lòun ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun láti gba ẹ̀kọ́ sípẹ́lì lọ́wọ́ wọn. Búrẹ́dì ló fi ń san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ebi ń pa nínú wọn. Ọ̀gá rẹ̀ ti ka ẹ̀kọ́ ìwé léèwọ̀ fún un, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ilẹ̀ náà sì rèé, òfin ló kà á léèwọ̀.

Ìtàn Booker T. Washington tún fi apá kejì irinṣẹ́ yìí hàn. Lẹ́yìn tí òmìnira dé ní 1865, ìyá rẹ̀ wá ẹ̀dà ògbólógbòó kan nínú ìwé aláwọ̀ búlúù náà fún un. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1901, ó rántí pé lẹ́yìn lẹ́tà, ohun tó tẹ̀lé e níbẹ̀ ni àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀, bíi ab, ba, ca, da. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan nítòsí tó lè kàwé, ẹ̀rù sì ń bà á láti tọ àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́tà fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò ní olùkọ́ tó lè pe sílébù sí i létí kò rí ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ gbà lọ́wọ́ ibi tí wọ́n gé ọ̀rọ̀ sí, ì báà jẹ́ ti Dilworth tàbí ti Webster. Ẹnu olùkọ́ ló ń parí iṣẹ́ tí àlàfo náà bẹ̀rẹ̀.

Láti ọwọ́ olùkọ́ dé ọwọ́ atẹ̀wé

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ gbangba pé ọ̀rọ̀ náà ní ju ojú kan lọ ni John Walker, nínú atúmọ̀-èdè ìpè tó tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1791. Samuel Johnson kò pín ọ̀rọ̀ nínú tirẹ̀ ní 1755; àmì agbára ìpè nìkan ló fi sí i. Walker pín in, ó sì ṣàlàyé pé ibi tí a ó gé ọ̀rọ̀ sí yóò yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fẹ́ lò ó fún. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọdé wá ìpè ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ rí yóò gé e lọ́nà kan. Ẹni tó fẹ́ fi orírun ọ̀rọ̀ hàn yóò gé e lọ́nà mìíràn. Ẹni tó fẹ́ fi ìpè rẹ̀ hàn ṣinṣin ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí àwọn tó tẹ̀lé e bá ti di ọ̀rọ̀ yìí mú, àríyànjiyàn púpọ̀ ìbá ti parí níbẹ̀. Wọn kò dì í mú.

Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1837, nígbà tí Horace Mann di akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ Massachusetts, òun àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹnu àtẹ́ lu fífi orúkọ lẹ́tà kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Díẹ̀díẹ̀ ni sípẹ́lì fi yà kúrò lára ìwé kíkà, tó di ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Ìdí tí olùkọ́ fi nílò ìgékù ń kú lọ, ṣùgbọ́n ìgékù kò kú, nítorí pé àwọn tí ń to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé nílò rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Bí etí ìwé yóò bá gún régé lápá ọ̀tún, dandan ni kí ọ̀rọ̀ kan máa já sí méjì ní ìparí ìlà. Níbo ni kí ó já sí? Atúmọ̀-èdè ló kù tí wọ́n lè bi.

Ibẹ̀ ni Ilẹ̀ Ọba àti Amẹ́ríkà ti tún yà. Ìlànà tí Horace Hart ṣe fún ilé ìtẹ̀wé Oxford ní 1893, tí wọ́n sì ń tà fún gbogbo ènìyàn láti 1904, ló tọ́ ọ̀pọ̀ atẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, orírun ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń wò jù fún ìgbà pípẹ́. Photography, tí í ṣe iṣẹ́ fọ́tò, yóò já sí photo-graphy, kí ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjèèjì tó bí i lè dá dúró. Àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀lé ìpè, wọ́n ní photog-raphy. Know-ledge ni ti Gẹ̀ẹ́sì, knowl-edge ni ti Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ìwé ilẹ̀ méjèèjì jọ wà níwájú rẹ̀ lè máa rò pé ọ̀kan nínú wọn ń ṣì í gé.

Síbẹ̀, Amẹ́ríkà kò tẹ̀lé ìpè délẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí baker jẹ́ ẹ̀rí. Nínú ìwé Webster, ba-ker ni. Nínú atúmọ̀-èdè àwọn Merriam tó ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1843, ó di bak·er, nítorí pé bake ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀, -er sì jẹ́ àfòmọ́ ìparí. Orírun tí Lowth ní kí a má wò ti gba ojú fèrèsé wọlé padà. Ẹ̀wẹ̀, legend, tí í ṣe ìtàn ìwáṣẹ̀, ni wọ́n gé sí leg·end gẹ́gẹ́ bí ìlànà fáwẹ́lì kúkúrú. Ẹni tó bá rí leg ní ìparí ìlà yóò ti rò pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wí kó tó sọ̀kalẹ̀ sí ìlà kejì. Àwọn olótùú ìwé a máa kìlọ̀ nípa irú èyí.

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ títo lẹ́tà ni ó hàn gbangba pé ìlànà kan ṣoṣo kò sí nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1983, ní yunifásítì Stanford, Franklin Liang, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Donald Knuth, gba oyè ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú iṣẹ́ kan lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè gé ọ̀rọ̀. Kò kọ́ ẹ̀rọ ní ohun tí sílébù jẹ́. Ọ̀rọ̀ inú atúmọ̀-èdè kékeré kan tó ń jẹ́ orúkọ Webster ló kó fún un, ó sì ní kí ó wá bátánì lẹ́tà tó máa ń yí ibi ìgékù ká. Bátánì 4,447 ló jáde, tó rí 89 nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ibi tí atúmọ̀-èdè náà ti gé ọ̀rọ̀. Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ 14 kún un lọ́tọ̀. Méjì nínú wọn ni present àti project, tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gé rárá, nítorí pé proj-ect ni bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, pro-ject sì ni bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ̀rọ kò sì mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè

Ó yani lẹ́nu pé àwọn tí sílébù jẹ́ iṣẹ́ wọn gan-an ló pẹ́ jù kí wọ́n tó dá sí i. Chomsky àti Halle kò fún sílébù ní ipò kankan nínú ìwé ńlá tí wọ́n kọ lórí ètò ìró Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Daniel Kahn ló mú un padà ní 1976. Èrò Kahn ni pé ìbéèrè náà, “ta ló ni kọ́ńsónáǹtì?”, ni kò dára: kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀lé fáwẹ́lì tí a fi agbára pè lè jẹ́ ti sílébù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rí rẹ̀ ni t inú city lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, tí kò dún bíi t ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí kò sì dún bíi t ìparí. Lójú Kahn, Dilworth àti Webster ló jàre, àwọn méjèèjì náà ló sì jẹ̀bi. Nígbà tí Treiman àti Danis wá ní kí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi sílébù ọ̀rọ̀ bíi lemon ṣe pàṣípààrọ̀ ní 1988, ìdáhùn wọn kò dọ́gba. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ nípa lórí ohun tí wọ́n ní etí àwọn gbọ́. Ìwé sípẹ́lì ti kọ́ etí.

J. C. Wells kò gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Kahn. Nínú atúmọ̀-èdè ìpè rẹ̀ ti 1990, ó fi kọ́ńsónáǹtì sọ́dọ̀ sílébù tí agbára ìpè wà lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe habit nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ó ṣe é sí baker pẹ̀lú. Àlàyé rẹ̀ ni pé fáwẹ́lì inú baker kúrú díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí k tó wà nínú sílébù kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bákan náà ni ìgékù rẹ̀ rí pẹ̀lú ti àwọn Merriam, ṣùgbọ́n àfòmọ́ ló mú àwọn yẹn gé e bẹ́ẹ̀, ìró ló mú tirẹ̀.

Àwọn Merriam fúnra wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi ìpè hàn, gba ọ̀nà mìíràn lọ. Nínú atúmọ̀-èdè tí ń jẹ́ orúkọ Webster títí di òní, ìpè habit ni ha-bət, ti cluster sì ni klə-stər. Ibi tí Dilworth gé wọn sí ní 1740 gan-an nìyẹn.